Aràn Tí Àtẹ́lẹsẹ̀ Mi Kó Wálé

Ojú fèrèsé kékeré kan ni wọ́n ti máa ń pe orúkọ èèyàn ní yàrá àyẹ̀wò ilé ìwòsàn náà. Wọn á pe orúkọ, wọn á na ìwé síta, èèyàn á gbà á, ó parí. Ṣùgbọ́n nígbà tó kàn mí, ọkùnrin tó ń ṣe àyẹ̀wò kò pe orúkọ kankan. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó jáde sí wa tòun ti ìbọ̀wọ́ rọ́bà lọ́wọ́, ó ń wo gbogbo àwa tí a jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Ike kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta ló ni èyí?"

Ọkọ mi ló dáhùn. Èmi ò lè sọ̀rọ̀ mọ́ nígbà yẹn. Èjìká rẹ̀ ni mo gbé orí lé, tí mò ń wá èémí.

Ọkùnrin náà bi í pé ṣé kò sí àṣìṣe, ṣé kì í ṣe inú ìgbẹ́ la ti bu ohun tó wà nínú ike. Ọkọ mi ní rárá, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ni, níṣojú òun ni mo ṣe wú u jáde láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọkùnrin náà kò gbà. Ó mú ike tuntun wá, ó ní kí n wúkọ́ sí i kí òun rí i. Mo wúkọ́. Ohun tó jáde ní ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ nínú. Ó gbé e wọlé. Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ tó pe ẹnì kejì rẹ̀, ẹnì kejì sì pe ẹnì kẹta. Ilẹ̀kùn kò padé dáadáa. Mo ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ awò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọbìnrin kan, fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀.

Nígbà tí ọkùnrin náà tún jáde, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. Ó lóṣòó níwájú mi.

"Ìyá, ẹ má bẹ̀rù. Aràn ni. Ó wà láàyè. Inú ẹ̀dọ̀fóró yín ló ti ń jáde."

Ó ní kí n má bẹ̀rù. Ọjọ́ náà gan-an ni ẹ̀rù ti ń bà mí títí di òní.

Mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ nítorí ẹni tí wọ́n lè sọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ fún lọ́la, àti nítorí ẹni tó ní hóró oògùn funfun kan nínú àpò lónìí tí kò mọ ohun tó gbé dání. Èmi kì í ṣe dókítà. Ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo kàwé dé. Ohun tí ojú mi rí nìkan ni mo lè sọ.

Mo ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún. Amọ̀kòkò ni mí, ọmọ amọ̀kòkò, ní ebu Dada tí a ti ń mọ ìkòkò, ní Òkèlele níbí. Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ wa á rò pé ọwọ́ la fi ń ṣe é. Ẹsẹ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí a bá wa amọ̀ dé, a ó da omi sí i, a ó wọ inú rẹ̀, a ó sì máa tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi rọ̀ bí iyán. A kì í wọ bàtà. Òkúta wẹ́wẹ́ ló ń ba ìkòkò jẹ́. Bí ẹyọ kan ṣoṣo bá ṣẹ́kù sínú amọ̀, ìkòkò á bẹ́ nínú iná, á sì fọ́ ìkòkò méjì mẹ́ta mìíràn pẹ̀lú ara rẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ ló máa ń rí òkúta náà nígbà tí ojú ò bá rí i. Ìyá mi máa ń sọ pé, "Bàtà ò mọ òkúta." Láti ìgbà tí mo ti tó ọmọ ọdún mẹ́fà ni èmi àti Ṣẹ́rífátù àbúrò mi ti ń di ọwọ́ ara wa mú nínú amọ̀, tí à ń tẹ̀ ẹ́ yí ká, tí à ń fi ẹsẹ̀ ṣa òkúta bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà.

Etí odò ni kòtò amọ̀ wa wà. Koríko ibẹ̀ ga, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń yàgbẹ́. Gbogbo wa mọ̀. Èyí tí ojú bá ti rí, a ó yà fún un, iṣẹ́ á máa lọ. Bí a bá délé, àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ á máa yún wa, a ó ní amọ̀ ló ń yún wa. Ẹsẹ̀ yìí kan náà ni mo ń fọ̀ fún àlùwàlá nígbà márùn-ún lójúmọ́, ọkàn mi sì balẹ̀ pé ó mọ́.

Àmì àkọ́kọ́ tí mo rí, mi ò kà á sí àmì. Ìlà pupa tín-ín-rín kan yọ sí mi ní itan lápá ẹ̀yìn, ó ń yún mi gidigidi, ó sì ń rìn. Òótọ́ ni mo sọ, ó ń rìn. Mo fi bírò fa àmì sí ibi tó dé. Kí n tó sọ ọbẹ̀ ọ̀sán kalẹ̀, ó ti kọjá àmì náà. Ọkọ mi wò ó, ó ní aláǹtakùn ló tọ̀ sí mi lára. A rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì ìlà náà ti lọ, bí ẹni pé kò wá rí. Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ó ń wá, ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ó ń lọ, fún ọdún púpọ̀. Inú mi náà máa ń ta mí lókè ìdodo. Mo ní ata ni. Àwọn àgbà wa sì ti sọ ọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ pé kò sẹ́ni tí kò ní aràn nínú, nítorí náà, bí inú bá kùn, a kì í ka aràn sí ohun tó ń pa èèyàn.

Orúnkún ló wá gbé mi dé ibi tí mo dé. Títẹ amọ̀ ti jẹ ẹ́. Ó wú, mi ò lè kúnlẹ̀ kírun mọ́, orí àga ni mo ti ń kí i. Ní àdúgbò wa, ọkùnrin kan wà tó ní kẹ́míìsì, gbogbo wa ń pè é ní Dókítà. Ó fún mi ní hóró oògùn funfun kan tí kò tó èékánná ọmọ tuntun. Ó ní kí n lò ó fún ọjọ́ márùn-ún. Lọ́jọ́ kẹta mo kúnlẹ̀, mo forí kanlẹ̀, mo sunkún ayọ̀. Ara mi fúyẹ́. Oúnjẹ ń wù mí jẹ. Nígbà tí ọjọ́ márùn-ún pé, èmi ni mo padà lọ ra òmíràn. Ọkùnrin náà kò fipá mú mi, mi ò sì fẹ́ parọ́ mọ́ ọn. Ó bi mí lẹ́ẹ̀kan péré pé ṣé mi ò tíì dáwọ́ dúró, mo ní ó kù díẹ̀. Díẹ̀ yẹn di oṣù mẹ́jọ.

Mo sanra. Ojú mi yí bìrìkìtì. Nígbà tí mo bá gbé ìkòkò lọ sí Ìpàta, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ mi á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyá Kàmálù, ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín ti di búrẹ́dì. Ṣé ọkọ yín ti rí ohun ọ̀hún gbà ni?" Wọ́n ń sọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì ọkọ mi, tó wa ọkọ̀ omi fún ìjọba ìbílẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì. Èmi náà á máa rẹ́rìn-ín. Mi ò sọ fún wọn pé oògùn ni. Ọkọ mi bi mí, mo ní mo ti fi í sílẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ni mo sọ fún, mo sì wá kábàámọ̀ rẹ̀ ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ṣẹ́rífátù ti lọ sílé ọkọ ní abúlé kan lẹ́yìn Afọ́n. Orúnkún tirẹ̀ náà ń dùn ún, amọ̀ kan náà la jọ tẹ̀. Mo mú páálí oògùn méjì nínú tèmi, mo fún un. Mo ní, "Lò ó, wàá gbàdúrà fún mi."

Nígbà tí mo lọ kí i lọ́jọ́ náà, àwọn elétò ìlera wà lábúlé wọn. Ọdọọdún ni wọ́n ń wá nítorí àrùn tí ń fọ́ ojú, tí eṣinṣin etí odò ń fà. Wọ́n á gbé ọ̀pá kan nàró, èèyàn á dúró tì í, ibi tí orí rẹ̀ bá dé ni wọ́n fi ń mọ iye hóró oògùn tó máa gbé mì. Mo bi Ṣẹ́rífátù bóyá aṣọ ni wọ́n fẹ́ rán fún wọn. Ó ní, "Àǹtí, ẹ̀yin ará ìlú, ẹ wá dúró níbí kí wọ́n wọn gàgàrà yín." Mo dúró fún eré. Wọ́n wọ̀n mí, wọ́n fún mi ní tèmi. Mo fi í sí abẹ́ ahọ́n, mo rìn lọ sẹ́yìn ilé, mo tu ú sínú eérú iná. Mo ní kí n má lọ gbé oògùn abúlé mì kí ara mi wú.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí eérú yẹn. N ó padà dé ibẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, ikọ́ dé. Lẹ́yìn ikọ́, èémí mi ń dún bí ewúrẹ́ tí okùn fún lọ́rùn. Inú mi ń jó bí ẹni da eérú gbígbóná sí i, ohun tí mo bá jẹ, mo ń bì í. Ilé ìwòsàn aládàáni kan nítòsí Ọ̀fà Garage ni a kọ́kọ́ lọ. Wọ́n ní ikọ́ fée ni, wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́. Mo mí dáadáa fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹrin, mo gbé aṣọ sókè láti wẹ̀, mo sì rí inú mi. Yí ìdodo mi ká, àwọn àmì kan ti yọ, wọ́n dúdú bí àwọ̀ elésè àlùkò, wọ́n rí róbótó róbótó, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí amọ̀kòkò bá fi àtàǹpàkò tẹ amọ̀ tútù. Iṣẹ́ mi ni kí n mọ irú àmì bẹ́ẹ̀. Mo dúró níbẹ̀ mò ń wò ó, bí ẹni pé ẹnì kan ti ń mọ mí láti inú wá.

Nígbà náà la lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Èèyàn ti tò dé ẹnu géètì kí oòrùn tó yọ. Ẹ lọ gba káàdì, ẹ lọ dúró níbí, ẹ lọ dúró lọ́hùn-ún. Ọkọ mi tò síbẹ̀ nítorí mi, mo sì sùn sórí pèpéle. Obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí yọ gèlè rẹ̀, ó fi ṣe ìrọ̀rí fún mi. Ibẹ̀ la ti dé yàrá àyẹ̀wò, ibẹ̀ ni ọkùnrin yẹn ti gbé ike jáde sí wa.

Wọ́n gbà mí sí wọ́ọ̀dù lójú ẹsẹ̀. Dókítà tó ń tọ́jú mi kò dàgbà, ó lè má ju àkọ́bí mi lọ. Dókítà Àbẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń pè é, Ọ̀mù-Àrán ni ilé rẹ̀. Ó bi mí ní oògùn tí mo ti ń lò. Mo ní oògùn orí fífọ́ nìkan ni. Ó tún bi mí ní ọ̀sán. Mo tún sọ bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi wà níbẹ̀, mo sì ti sọ fún un pé mo ti fi í sílẹ̀, ìtìjú di mí lẹ́nu. Ìtìjú yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Nítorí pé èmi ò sọ òótọ́, dókítà mìíràn ti kọ ọ́ sínú ìwé mi pé kí wọ́n tún gún mi ní irú abẹ́rẹ́ ti àkọ́kọ́, nítorí èémí mi.

Dókítà Àbẹ̀kẹ́ ló dá a dúró. Ó ní kí ọkọ mi fún òun ní àwòrán mi kan, èyíkéyìí. Káàdì ìdìbò mi wà nínú àpò rẹ̀. Dókítà mú káàdì náà, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ó wò ó, ó wò mí.

"Ìyá, ojú tó wà nínú káàdì yìí ni tiyín. Ta ló fún yín ní èyí tó wà lọ́rùn yín yìí?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ọkọ mi kò bú mi. Ó jókòó, ó ń yí káàdì náà lọ́wọ́.

Ohun tí dókítà ṣàlàyé fún wa, n ó sọ ọ́ bí mo ṣe gbọ́ ọ. Ó ní ara èèyàn ní àwọn ìránṣẹ́ kan tó ń rán kiri nínú ẹ̀jẹ̀, láti sọ fún ibi kọ̀ọ̀kan pé kó ṣiṣẹ́, kó sinmi, tàbí kó dàgbà. Ibi tí ìránṣẹ́ bá ń lọ ní ihò tó bá a mu, bí ihò kọ́kọ́rọ́. Hóró funfun tí mò ń lò, wọ́n ṣe é bí irú ìránṣẹ́ bẹ́ẹ̀, irú oògùn kan náà ló sì wà nínú abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún mi. Ohun tó ń sọ fún àwọn ẹ̀ṣọ́ ara mi ni pé kí wọ́n sùn. Ìdí nìyẹn tí orúnkún mi kò fi dùn mí mọ́. Ṣùgbọ́n aràn ti wà nínú mi láti kékeré. Ó gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé nínú amọ̀, ó sì ń bí ara rẹ̀ nínú mi láti ọdún dé ọdún, díẹ̀díẹ̀, torí àwọn ẹ̀ṣọ́ kò jẹ́ kó pọ̀. Nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ sùn, ó rí àyè.

Ó wá sọ èyí tí mi ò lè gbàgbé. Ó ní aràn náà ní ihò kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, tó fi ń gbọ́ ìgbà tó yẹ kó dúró àti ìgbà tó yẹ kó máa bọ̀. Àwọn onímọ̀ kan rò pé hóró funfun náà lè ti máa yí ihò yẹn pẹ̀lú, pé ó ń sọ fún aràn pé àkókò tó. Ó ní kò tíì dá wọn lójú tán. Ṣùgbọ́n mo rí i lọ́kàn mi: mò ń gbé oògùn mì láràárọ̀ pẹ̀lú omi tútù, mo sì ń ránṣẹ́ sí wọn láì mọ̀ pé kí wọ́n máa bọ̀.

Ọkọ mi ní kí wọ́n sọ hóró náà nù nígbà náà. Dókítà mi orí. Ara mi ti gbàgbé bó ṣe ń ṣe ìránṣẹ́ tirẹ̀, bí wọ́n bá já a lẹ́ẹ̀kan náà, mo lè ṣubú lulẹ̀ kí n má dìde mọ́. Bí mo bá sì ń lò ó bí mo ti ń lò ó, aràn á borí mi. Wọ́n ní láti máa dín in kù díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n sì máa fún mi ní oògùn tó ń pa aràn lójoojúmọ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dùbúlẹ̀ sáàárín méjèèjì.

Oògùn aràn náà kò sí nílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ọkọ mi wá a kiri, Tanke ló ti rí i nígbẹ̀yìn. Nígbà tí nọ́ọ̀sì dà á sí àtẹ́lẹwọ́ mi, mo mọ̀ ọ́n. Òun ni oògùn ọ̀pá. Èyí tí wọ́n fún mi lọ́fẹ̀ẹ́ lábúlé, tí mo tu sínú eérú. Dókítà ní ẹ̀ẹ̀kan péré lè má pa gbogbo wọn tán, kí n má fi ìyẹn da ọkàn mi láàmú. Ó ṣì ń dà á láàmú.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, Àlùfáà, tó ní ilé kéú, dé lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ìgò omi hàntú, omi tí wọ́n fi fọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun kúrò lára wàláà. Ó ní aràn tó ń jáde lẹ́nu èèyàn, ọwọ́ ayé ni, kí wọ́n gbé mi wálé. Àwọn ẹbí mìíràn ti ń dì mí lẹ́rù. Èmi fúnra mi fẹ́ lọ, n ó sọ òótọ́, nítorí ẹ̀rù wọ́ọ̀dù yẹn ń bà mí. Dókítà Àbẹ̀kẹ́ kúnlẹ̀ kí Àlùfáà, ó ní, "Bàbá, bí ẹ bá gbé wọn jáde lónìí, ẹ ò ní gbé wọn padà wá."

Gbogbo wọn wo ọkọ mi. Mi ò rí i kó ko ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú rí láti ọjọ́ tó ti fẹ́ mi. Ó gba ìgò náà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó gbé e sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ oògùn, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká ṣe àdúrà náà níbí."

Àlùfáà bínú. Ó jókòó pẹ̀lú ìbínú náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kéwú. Lójoojúmọ́ lẹ́yìn ìrun ọ̀sán ni ó ń padà wá kéwú síbi ẹsẹ̀ mi. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé ó ti kìlọ̀ fún gbogbo ọmọ kéú rẹ̀ pé ẹni tó bá fẹsẹ̀ lásán lọ yàgbẹ́ nínú koríko kò ní jókòó sórí ẹní òun mọ́.

Èmi ò rántí ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e dáadáa. Wọ́n fi rọ́bà sí mi nímú, torí mo ń bi oògùn náà. Ẹ̀gbin inú ìfun ti tẹ̀ lé aràn wọnú ẹ̀jẹ̀ mi, ibà sì mú mi gbọ̀n. Mo máa ń lérò pé mò ń gbọ́ àwọn aràn náà. Mo mọ̀ pé wọn kì í dún. Ṣùgbọ́n bí yàrá bá dákẹ́, mo máa ń di etí mi.

Ọjọ́ tí ojú mi kọ́kọ́ là dáadáa ni mo rántí Ṣẹ́rífátù. Mo ní kí ọkọ mi pè é. Mo ní kó má lo ohun tí mo fún un mọ́. Ó rẹ́rìn-ín lórí fóònù.

"Àǹtí, ìyẹn ti tán tipẹ́. Mo ti ra òmíràn."

Mo ní kí ọkọ rẹ̀ gbé e wá. Ikú tèmi, mo ti ń bá a dọ́rẹ̀ẹ́ bọ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ni mo fi gbé èyí fún un. Ọkọ rẹ̀ gbé e wá lórí ọ̀kadà lọ́jọ́ kejì, ojú Ṣẹ́rífátù náà ti ń yí bìrìkìtì. Dókítà ní kó máa dín in kù bíi tèmi, kó sì ṣe àyẹ̀wò ìgbẹ́. Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ kò rí nǹkan. Mo fẹ́ dúpẹ́, dókítà ní kí n dúró. Aràn yìí mọ ìfarapamọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n máa yẹ ìgbẹ́ wa wò, pẹ̀lú àlàfo láàárín, èmi àti Ṣẹ́rífátù, kí òun tó lè sọ̀rọ̀ kankan.

Kí n tó kúrò ní wọ́ọ̀dù, ọkùnrin yàrá àyẹ̀wò wá bá mi. Ó ń kàwé kún ìwé ní yunifásítì, lọ́nà Tanke. Ó ní àwọn kan kárí ayé ń wá oògùn tuntun tó máa wọ inú ihò kọ́kọ́rọ́ aràn náà, kó sì sọ ọ̀rọ̀ tó máa dá a dúró fún un, kó má lè dàgbà mọ́. Ara eku ni wọ́n ṣì ń dán an wò, kò tíì dé ọ̀dọ̀ èèyàn. Òun náà ń kọ́ nípa rẹ̀. Ó fẹ́ kí n fún òun láyè láti pa díẹ̀ nínú aràn tèmi mọ́ láàyè níbẹ̀, nínú èédú tútù tí wọ́n fi ń sìn wọ́n nínú àwo, kí òun lè máa wò wọ́n. Mo fọwọ́ sí ìwé, nítorí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, bí kẹ̀kẹ́ bá gbé mi gba Tanke kọjá, n ó gbé ẹsẹ̀ mi méjèèjì kúrò nílẹ̀ kẹ̀kẹ́. Mo mọ̀ pé wọ́n wà ní yàrá kan níbẹ̀, ohun tó ti jẹ nínú mi.

Mo dé ilé. Ọkọ mi ti ta ọ̀kadà rẹ̀ san owó oògùn. Ó ra bàtà òjò gígùn fún mi. Mo wọ̀ ọ́ wọnú amọ̀. Ìyá mi kò parọ́, bàtà ò mọ òkúta. Nígbà tí a kọ́kọ́ sun ìkòkò lẹ́yìn ìyẹn, márùn-ún ló bẹ́. Mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, mò ń gbọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń dún lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn obìnrin ebu ń wò mí tìyanu-tìyanu. Ọ̀kan ní kí n bọ́ bàtà kí n má ba iṣẹ́ jẹ́. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kó máa bẹ́. Nínú ilé náà mi ò fi ẹsẹ̀ lásán kan ilẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí n gun ìwọ̀n nílé ìwòsàn, ọ̀rá ni n ó tẹ́ sílẹ̀ kí n tó bọ́ bàtà. Àwọn nọ́ọ̀sì ti mọ̀ mí, wọ́n ń pè mí ní Ìyá Ọ̀rá.

Àyẹ̀wò kejì kò rí nǹkan lára Ṣẹ́rífátù. Lára mi, wọ́n rí ẹyọ kan. Wọ́n tún fún mi ní oògùn, a sì tún bẹ̀rẹ̀ kíkà láti òdo fún mi. Ṣẹ́rífátù ní òun kò ní ṣe tòun tán kí n tó bá òun. Ó dúró dè mí.

Ní oṣù tó kọjá a lọ gba èsì àyẹ̀wò ẹ̀kẹta, tí í ṣe ìkẹyìn, fún àwa méjèèjì. Lọ́jọ́ yẹn náà ló pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí mo ti gbé ìlàjì hóró funfun tó kẹ́yìn mì. A jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, tí ọkùnrin náà tún jáde fúnra rẹ̀, mo di ọwọ́ àbúrò mi mú bí a ti ń di í mú nínú amọ̀. Ìwé méjì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kò sí nǹkan nínú méjèèjì. Mo bi í léèrè àwọn tó wà nínú èédú.

"Ìyá, gbogbo wọn ti kú tipẹ́. Wọn ò lè pẹ́ níta ara èèyàn."

Dókítà Àbẹ̀kẹ́ ka àwọn ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ó dà bíi pé oògùn ọ̀pá tí Ṣẹ́rífátù ń gbé mì lọ́dọọdún ló ti ń gbá inú rẹ̀ mọ́ kí hóró funfun tó dé bá a. Ṣẹ́rífátù wò mí. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ aṣọ rírán tí mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ lábúlé ló wà lẹ́nu rẹ̀. Dókítà ní kí n gun ìwọ̀n lẹ́ẹ̀kan sí i, kí òun fi parí káàdì mi.

Nọ́ọ̀sì ti na ọ̀rá sí mi. Mo ní kó mú un padà. Mo bọ́ bàtà, mo gbé àtẹ́lẹsẹ̀ mi méjèèjì lé sìmẹ́ńtì tútù. Òkúta wẹ́wẹ́ kan wà níbẹ̀, mo mọ̀ ọ́n lábẹ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi. Mo dúró, mò ń retí kí nǹkan kan rìn lábẹ́ awọ ara mi. Ṣẹ́rífátù náà bọ́ bàtà tirẹ̀, ó wá dúró tì mí.

Kò sí ohun tó rìn.